Kí ló ń bó àwòrán kúrò lára pólò tí mo tẹ̀ nílé?

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ìbàdàn ni mo ń gbé, aránṣọ ni mí. Pírińtà Epson L3110 kan wà nílé tí àwọn ọmọ fi ń tẹ iṣẹ́ iléèwé. Mo ra bébà transfer ní Mọ́kọ́lá kí n lè fi áyọ́ọ̀nù tẹ àwòrán sára pólò fún ọjọ́ ìbí ọmọ mi. Èyí àkọ́kọ́ kọjú sódì, kò ṣeé kà. Èkejì dára gan-an, àmọ́ mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré ni àwọ̀ rẹ̀ ṣí, tí etí rẹ̀ sì ń bó. Lórí pólò dúdú, kò tilẹ̀ hàn rárá. Ẹni tó ta bébà fún mi ní kí n lọ ra íǹkì sublimation. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n rẹ aṣọ náà sínú omi iyọ̀ àti fínígà mọ́jú. Ní báyìí, ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa fẹ́ kí n ṣe pólò 30 fún àjọ̀dún wọn. Ṣé kí n gbà á? Àbí pírińtà mi ni kò dára?"

Pírińtà yín kò ṣàìsàn. Ohun mẹ́rin ló ṣẹlẹ̀ sí yín lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ wá dì wọ́n sínú ẹrù kan, ìyẹn ló jẹ́ kó dà bíi pé ẹ̀rọ náà ló ń bá yín jà. Lẹ́tà tó kọjú sódì, àwọ̀ tó ṣí, etí tó bó, pólò dúdú tí kò gba àwòrán: ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ní ibi tó ti wá, ohun tó sì máa wo ọ̀kan kò ní wo èkejì. Ìdí nìyí tí ìmọ̀ràn tí wọ́n ń fún yín fi ta kora. Ẹni tó ní kí ẹ ra íǹkì míì àti ẹni tó ní kí ẹ wá iyọ̀, kò sí èyí tó béèrè irú aṣọ tí ẹ lò nínú wọn, kò sì sí èyí tó béèrè bí áyọ́ọ̀nù yín ṣe gbóná tó.

Ká kọ́kọ́ mọ ohun tí bébà transfer jẹ́ ná. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé íǹkì ló ń wọ inú aṣọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Awọ rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà lójú bébà yẹn tí iléeṣẹ́ tó ṣe é ti fi kùn ún, orí awọ náà ni íǹkì pírińtà yín ń bà lé. Bí áyọ́ọ̀nù bá gbóná tó, tí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa, awọ náà á yọ́, á ki ara rẹ̀ bọ àárín fọ́nrán òwú, á wá dì síbẹ̀ nígbà tó bá tutù. Íǹkì kàn gun ẹ̀yìn awọ náà wọlé ni, bí ọmọ tí ìyá pọ̀n. Nítorí náà, tí àwòrán bá bàjẹ́ lára aṣọ, ìbéèrè méjì ni mo máa ń bi ara mi: ṣé awọ yẹn ni kò di aṣọ mú, àbí íǹkì orí rẹ̀ ni kò lè fara da omi? Tiyín, méjèèjì ló ṣẹlẹ̀ pa pọ̀. Etí tó bó, ọ̀rọ̀ awọ ni. Àwọ̀ tó ṣí, ọ̀rọ̀ íǹkì ni.

Láti ibẹ̀ ni ẹ ti máa mọ̀ pé iyọ̀ àti fínígà kò ní iṣẹ́ kankan níbí. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ aránṣọ, ẹ ó ti rí bí àwọn aláró ṣe ń ṣe kàmpálà, tàbí àwọn aládìrẹ ní Ìtòkú l'Abẹ́òkúta. Wọ́n á po aró mọ́ sódà àti hydrosulphite, aró náà á yòrò, á wọ inú òwú; tí wọ́n bá wá gbé aṣọ síta tí atẹ́gùn fẹ́ sí i, àwọ̀ náà á padà di ohun tí omi kò lè yọ, inú òwú gan-an ló sì máa wà. Iyọ̀ pẹ̀lú máa ń ran irú àwọn aró kan lọ́wọ́ láti lẹ̀ mọ́ òwú nígbà tí aṣọ ṣì wà nínú ìkòkò. Ohun tí ọ̀rẹ́ yín gbọ́ nìyẹn, ó sì rò pé ó kan gbogbo àwọ̀ tó bá wà lára aṣọ. Àmọ́ àwọ̀ tí pírińtà tẹ̀ sórí rọ́bà kò bá òwú da nǹkan kan pọ̀. Kò sí ohun tí iyọ̀ fẹ́ mú dúró níbẹ̀. Rírẹ tí wọ́n ní kí ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú ló tún burú jù, torí omi gan-an ni ọ̀tá irú íǹkì tí ẹ lò.

Ti lẹ́tà tó kọjú sódì ló rọrùn jù. Bébà tó wà fún aṣọ funfun, ńṣe ni wọ́n ń da ojú rẹ̀ dé sórí aṣọ, torí náà ohun tó wà lápá ọ̀tún bébà á bọ́ sápá òsì aṣọ. Ẹ gbọ́dọ̀ ti yí àwòrán náà padà kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Mirror Image tàbí Flip Horizontal sí kí ẹ tó tẹ Print; tó bá jẹ́ fóònù lẹ fi ń tẹ̀ ẹ́, inú áàpù tí ẹ fi ṣe àwòrán ni kí ẹ ti yí i. Ẹ ṣọ́ra, ṣá o: àwọn pírińtà kan wà tó jẹ́ pé tí ẹ bá ti yan T-shirt transfer níbi irú bébà, ẹ̀rọ á yí i fúnra rẹ̀. Tí ẹ̀yin náà bá tún yí i, ẹ ti padà síbi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bébà lásán ni kí ẹ fi dán an wò. Ẹ gbé e síwájú dígí, tó bá ṣeé kà nínú dígí, ó ti tọ̀nà. Ẹ tún wo ẹ̀yìn bébà transfer náà. Ẹ̀yìn ló sábà máa ń ní ìlà tàbí orúkọ iléeṣẹ́, ojú tí kò ní nǹkan kan ni íǹkì ń lọ. Lára L3110, ẹ̀yìn ẹ̀rọ lókè ni bébà ń gbà wọlé, torí náà ojú tí ẹ fẹ́ tẹ̀ ni kó kọjú sí yín. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ máa kì í bọ̀ ọ́. Tó bá sì jẹ́ orí WhatsApp ni wọ́n ti fi àwòrán ránṣẹ́ sí yín, ẹ ní kí wọ́n tún un fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi document, torí WhatsApp máa ń fún àwòrán pọ̀ kó lè fúyẹ́, ojú ọmọ tó mọ́ kedere lórí fóònù á wá ṣú bàìbàì tó bá gbòòrò tó àyà aṣọ.

Íǹkì wá ńkọ́? Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀ nínú pírińtà ilé. Ọ̀kan ni wọ́n ń pè ní dye: àwọ̀ rẹ̀ yòrò pátápátá nínú omi, ó ń dán, ó ń tàn lórí bébà, àmọ́ tí omi bá tún kàn án, á tún fẹ́ yòrò. Èkejì ni pigment: àwọ̀ tirẹ̀ kì í yòrò, ìyẹ̀fun kíkúnná ni, inú omi ló kàn ń léfòó, tí omi náà bá sì ti gbẹ, ó ti jókòó nìyẹn. L3110 tí ẹ ní, dye ni íǹkì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí Epson ṣe fún un. Púpọ̀ nínú HP àti Canon tí à ń lò nílé, pigment ni dúdú wọn, dye sì ni àwọ̀ mẹ́ta yòókù, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi máa ń rí i pé lẹ́tà dúdú dúró digbí lára aṣọ nígbà tí pupa tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti ń ṣàn.

Mi ò sọ pé dye kò ṣeé lò. Bébà transfer tó dára ní èròjà tó ń di dye mú, awọ tó yọ́ náà á sì bò ó mọ́lẹ̀ kí omi má ráyè kàn án. Àmọ́ tí awọ kò bá yọ́ tán, ojú ọ̀nà ṣí sílẹ̀ fún omi. Ìyẹn ni pé àìtó ooru tó mú kí etí aṣọ yín bó ló tún dá kún àwọ̀ tó ṣí. Ohun míì tó ń fà á ni ìkánjú: ẹ jẹ́ kí bébà tí ẹ tẹ̀ gbẹ fún bí ìdajì wákàtí kí áyọ́ọ̀nù tó kàn án, kó sì ju bẹ́ẹ̀ lọ lásìkò òjò. Íǹkì tó ṣì tutù á di èéfín omi lábẹ́ áyọ́ọ̀nù, á sì gbé awọ sókè kúrò lára aṣọ níbi tó yẹ kó ti lẹ̀.

Ṣé kí ẹ wá dà íǹkì pigment sínú L3110 náà? Àwọn èèyàn ń ṣe é, wọ́n ń tà á ní ìgò ìgò. Èrò tèmi ni pé kí ẹ má dán an wò lórí ẹ̀rọ tí àwọn ọmọ fi ń ṣe iṣẹ́ iléèwé. Dye àti pigment kò gbọ́dọ̀ pàdé nínú ọ̀pá kan náà, wọ́n lè dì. Ẹ ní láti fọ gbogbo inú rẹ̀ mọ́ tónítóní kí ẹ tó pààrọ̀. Pigment tún máa ń rì sísàlẹ̀ tí ẹ kò bá tẹ̀wé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, á wá dí ojú ihò tó ń tu íǹkì. Lára HP tó jẹ́ oníkátíríìjì, ẹ lè ra kátíríìjì tuntun, ojú ihò tuntun bá a wá. Lára Epson, inú ẹ̀rọ ni ojú ihò wà, owó àtipààrọ̀ rẹ̀ sì lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó tí ẹ fi máa ra ẹ̀rọ míì ní àlòkù. Tí iṣẹ́ yìí bá wá di iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe ní gbogbo ọ̀sẹ̀, ẹ wá ẹ̀rọ kejì fún pigment nìkan. Fún pólò ọjọ́ ìbí mélòó kan lọ́dún, ẹ fi dye yín sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ẹni tó ní kí ẹ ra íǹkì sublimation kò purọ́ pé íǹkì náà lágbára. Ohun tí kò sọ ni pé polyester nìkan ló ń gbà á. Tí ooru tó tó 180 sí 200 °C bá kàn án, á di gáàsì tààrà láti orí bébà, á sì wọ inú fọ́nrán polyester fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ tó rẹwà ni. Kò ní awọ, kò ní etí tó lè bó, ẹ ó fọwọ́ pa á, ẹ kò ní mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀. Àmọ́ òwú kò lè gbà á. Lórí pólò òwú, á hàn lọ́jọ́ tí ẹ tẹ̀ ẹ́, á sì bá omi ìfọṣọ lọ. Aṣọ náà tún gbọ́dọ̀ jẹ́ funfun tàbí aláwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, ìyẹn ni pé kò ran pólò dúdú yín lọ́wọ́ rárá. Bébà rẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí ẹ rà, tí ẹ bá sì ti dà íǹkì rẹ̀ sínú ẹ̀rọ, àwòrán iṣẹ́ iléèwé àwọn ọmọ á máa jáde ní àwọ̀ tó ṣá. Òótọ́ kan wà nínú ìmọ̀ràn yẹn: Epson wà lára àwọn ẹ̀rọ tó ṣeé lò fún un, nítorí pé kì í fi ooru tu íǹkì jáde bí HP àti Canon ṣe ń ṣe. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ kọ́ ni wàhálà yín.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ni áyọ́ọ̀nù, ibẹ̀ ni mo sì rí i pé èèyàn máa ń sáré kọjá. Ọ̀pọ̀ bébà transfer ń fẹ́ ooru tó sún mọ́ 180 sí 200 °C. Lójú áyọ́ọ̀nù, àmì róbótó mẹ́ta, níbi tí wọ́n kọ cotton sí, dúró fún nǹkan bíi 200. Méjì jẹ́ 150, ẹyọ kan jẹ́ 110. Àmì mẹ́ta ni kí ẹ yí i sí, kí ẹ má bu omi sínú rẹ̀, torí omi àti awọ rọ́bà kì í jọ gbé. Tí áyọ́ọ̀nù yín bá jẹ́ irú èyí tó ní ihò nídìí, ẹ mọ̀ pé ibi tí ihò wà kò ní ooru tó tó, ẹ máa sún un díẹ̀díẹ̀ kí ihò má dúró sójú kan náà. Pẹlẹbẹ ìdí ni mo fẹ́ràn jù fún iṣẹ́ yìí.

Ẹ wá wo iná mànàmáná wa. 240 V ló yẹ kó wọlé. Tó bá jẹ́ 180 V ló ń wọlé lálẹ́ nígbà tí gbogbo àdúgbò bá tan nǹkan, agbára áyọ́ọ̀nù 1000 W á já wálẹ̀ sí nǹkan bíi 560 W. Èèyàn á rò pé ìdá kan nínú mẹ́rin ló yẹ kó dín, àmọ́ fóltéèjì tó dín máa ń dín in lọ́nà méjì: iná tó ń ṣàn dín, ohun tó ń tì í náà dín. Áyọ́ọ̀nù náà ṣì lè gbóná dé ibi tó yẹ tí ẹ bá gbé e kalẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ìyẹn ló ń tan èèyàn jẹ. Gbàrà tí ẹ bá gbé e lé aṣọ tútù, ooru á kúrò nínú rẹ̀, kò sì ní tètè padà. Iná kékeré orí rẹ̀ ni kí ẹ máa wò. Tó bá ń tàn, tó ń kú, tó tún ń tàn, áyọ́ọ̀nù ń bá ooru rẹ̀ dọ́gba. Tó bá tàn tí kò kú mọ́ ní gbogbo ìgbà tí ẹ fi ń tẹ̀ ẹ́, ooru tí kò lè bá ló ń lé, ẹ dá iṣẹ́ dúró. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí à ń pè ní I-better-pass-my-neighbour kò lè gbé e rárá, ọ̀pọ̀ inverter kékeré náà kò lè gbé e. Ẹ dúró de iná gidi. Kùtùkùtù òwúrọ̀ sábà máa ń sàn. Àwọn aránṣọ kan tún máa ń bi mí nípa áyọ́ọ̀nù eléèédú. Ó wúwo, ìdí rẹ̀ kò sì ní ihò, méjèèjì ni mo fẹ́ràn. Àmọ́ kò sí ẹni tó lè mọ ìwọ̀n ooru rẹ̀, eérú díẹ̀ sì ti tó láti ba pólò funfun jẹ́. Ẹ fi sílẹ̀ fún ànkárá.

Lẹ́yìn ooru ni agbára tí ẹ fi ń tẹ̀ ẹ́. Pátákó ìlọṣọ tó ní fóòmù kò dára fún un, fóòmù á máa gbe gbogbo agbára yín mì. Ẹ lo tábìlì onígi tó le, kí ẹ tẹ́ àpò ìrọ̀rí òwú kan ṣoṣo sórí rẹ̀ láìsí kíkó. Orí táìsì kò dára pẹ̀lú, ó ń fa ooru. Kí tábìlì náà rẹlẹ̀ débi tí ẹ máa lè fi ìwúwo ara yín lé áyọ́ọ̀nù, ọwọ́ méjèèjì. Ẹ kọ́kọ́ lọ pólò náà lófìfo fún bí ìṣẹ́jú àáyá 20 kí omi tó fara pamọ́ sínú òwú gbẹ, kí ẹ tó da bébà dé. Bébà A4 jẹ́ 21 cm sí 29.7 cm, ìdí áyọ́ọ̀nù kò lè bò ó tán, torí náà ẹ máa tẹ̀ ẹ́ lápá kan, kí ẹ gbé e sí apá kejì, kí ojú kan máa wọ èkejì. Ẹ má fà á síwá-sẹ́yìn bí ẹni ń lọ ṣòkòtò, bébà á yẹ̀. Gbogbo rẹ̀ pọ̀ máa ń tó ìṣẹ́jú 2 sí 3, àmọ́ ìwé kékeré tó bá bébà wá ló láṣẹ ju èmi lọ, n kò rí irú èyí tí ẹ rà. Etí àti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kí ẹ tẹ̀ kẹ́yìn, kí ẹ sì tẹ̀ wọ́n ju àárín lọ. Àárín kì í sábà bó. Etí ni ọwọ́ ń kàn nígbà ìfọṣọ, etí sì ni áyọ́ọ̀nù máa ń gbàgbé. Kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ rárá, ẹ fi sáàsì gé bébà súnmọ́ àwòrán, kí ẹ sì gé igun rẹ̀ ní róbótó. Igun ṣóńṣó ló kọ́kọ́ ń ṣí.

Ìwé náà tún máa sọ bóyá kí ẹ bó ẹ̀yìn bébà nígbà tó ṣì gbóná tàbí nígbà tó bá tutù tán. Ẹ má ṣe é ní lọ́wọ́ọ́wọ́, tí kò gbóná tí kò tutù, ibẹ̀ ni awọ ti ń ya. Tí ẹ bá fà á díẹ̀ níbi igun tí awọ ń tẹ̀ lé e, ẹ dá a padà, kí ẹ tún un tẹ̀.

Aṣọ fúnra rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Pólò tuntun sábà máa ń ní èròjà bíi táàṣì tí iléeṣẹ́ fi ń jẹ́ kó dán lójú ọjà, awọ á lẹ̀ mọ́ èròjà yẹn dípò òwú, ìfọ̀ àkọ́kọ́ á sì kó méjèèjì lọ. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a gbẹ, láìfi ohun tó ń mú aṣọ rọ̀ sí i. Òwú gidi tàbí òwú tí wọ́n fi polyester díẹ̀ pò ló dára. Èyí tó bá jẹ́ polyester lásán lè máa dán gbọ̀nrín-gbọ̀nrín níbi tí áyọ́ọ̀nù kàn, tàbí kó sún kì. Tí ọjà bá ti da irọ́ mọ́ òótọ́, ẹ fa fọ́nrán kan láti inú ìṣẹ́po aṣọ, kí ẹ fi iná sí i: òwú á jó bíi bébà, á di eérú, polyester á yọ́, á sì di kókó líle.

Ní ti pólò dúdú, pírińtà ilé kò ní íǹkì funfun. Gbogbo ibi tó funfun nínú àwòrán, bébà ni ẹ̀rọ fi sílẹ̀ láìtẹ̀. Íǹkì tó kù náà kò bo nǹkan mọ́lẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá, àwọ̀ aṣọ ló sì ń gbé e yọ. Ẹ tẹ yẹ́lò sórí pólò búlúù, ẹ ó rí àwọ̀ ewé. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí dúdú, ẹ kò ní rí nǹkan kan. Bébà míì wà tí wọ́n ṣe fún aṣọ dúdú, awọ tirẹ̀ funfun, ó sì nípọn. Ọ̀nà ìlò rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá: ẹ kò ní yí àwòrán padà, ẹ ó bó awọ kúrò lára bébà kí áyọ́ọ̀nù tó kàn án, ẹ ó gbé e lé aṣọ ní ojú sókè, ẹ ó wá fi bébà tí àwọn oníkéèkì ń tẹ́ sínú páànù bò ó kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Tí áyọ́ọ̀nù bá kan awọ náà láìsí ìbòrí, ìdí áyọ́ọ̀nù ni yóò lẹ̀ mọ́. N kò ní tàn yín, mi ò fẹ́ràn bébà yìí púpọ̀. Gbogbo ibi tí ẹ kò bá gé kúrò ló máa funfun, torí náà lẹ́tà wínníwínní kò ṣeé ṣe. Ó tún le láyà, kì í jẹ́ kí atẹ́gùn wọlé, nínú ooru wa yìí ọmọdé á tètè fẹ́ bọ́ ọ. Ó sì máa ń sán ju ti aṣọ funfun lọ. Ẹ lò ó fún àwòrán kékeré bíi báàjì.

Ọ̀rọ̀ ìfọṣọ kò pọ̀. Ẹ jẹ́ kó pé wákàtí 24 kí omi tó kàn án. Ẹ yí aṣọ náà sódì, omi tútù, ọṣẹ díẹ̀, ẹ má fi ọwọ́ ho ojú àwòrán, ẹ má fún un bí ẹni ń fún ògì, Hypo àti Jik kò gbọ́dọ̀ débẹ̀. Ibòòji ni kí ẹ sá a sí, torí oòrùn ń pa dye. Ẹ̀yìn aṣọ ni kí ẹ ti lọ̀ ọ́. Tí ẹni tó ni aṣọ bá jẹ́ ẹni tí àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ ń bá fọṣọ pọ̀ nínú bẹ́síìnì kan, ẹ sọ fún un ṣáájú.

Ẹ̀yin kan tún máa ń ní pírińtà laser ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ jọ̀ọ́, bébà transfer tí wọ́n ṣe fún inkjet, ìyẹn pírińtà oníǹkì olómi bíi tiyín, kò gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀. Ooru ni laser fi ń lẹ àwọ̀ mọ́ bébà, awọ rọ́bà náà á yọ́ sínú ẹ̀rọ, ẹ ó sì ra apá tuntun fún un.

Ó wá ku pólò 30 àwọn akọrin. Ẹ gba iṣẹ́ náà, àmọ́ ẹ má fi pírińtà ilé àti áyọ́ọ̀nù ṣe é. Ọ̀nà tí mo ṣàlàyé yìí dára fún ẹyọ kan, méjì, márùn-ún, tí olówó rẹ̀ mọ̀ pé ohun ìrántí ni. Nínú 30, iná á yí padà lágbedeméjì, ọwọ́ yín á rẹ̀, àwọn kan á sì bó nígbà tí àwọn tó kù dúró, ẹgbẹ́ akọrin kan náà ni gbogbo wọn sì máa jókòó pọ̀ níwájú ìjọ. Owó bébà transfer ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kò sì kéré tí ẹ bá ṣírò rẹ̀ pọ̀ mọ́ èyí tó máa bàjẹ́.

Ọ̀nà méjì ló wà níwájú yín. Tó bá jẹ́ àwọ̀ kan tàbí méjì ni, bí orúkọ ìjọ àti agbélébùú ní funfun lórí pólò búlúù, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe silk screen, àwọn tó ń ti íǹkì gba ojú aṣọ fẹ́lẹ́ inú férémù bọ́ sára aṣọ. Wọ́n á ṣe férémù kan fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, owó férémù náà á pín sára aṣọ 30, iṣẹ́ náà á sì bá aṣọ gbó. Tó bá jẹ́ àwòrán tó ní oríṣiríṣi àwọ̀ tàbí ojú èèyàn, DTF (direct-to-film) ni kí ẹ béèrè. Wọ́n á tẹ àwòrán sórí ọ̀rá, wọ́n á fi íǹkì funfun sí ẹ̀yìn àwọ̀, wọ́n á wọ́n ìyẹ̀fun gọ́ọ̀mù sí i, wọ́n á fi ooru yọ́ ọ, ẹ̀rọ heat press á wá tẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ ní nǹkan bíi 150 sí 160 °C láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Òwú, polyester, funfun, dúdú, gbogbo rẹ̀ ló ń gbà á. Ní Mọ́kọ́lá tí ẹ ti ra bébà náà, ẹ ó rí wọn; ní Èkó, Ṣómólú ni àwọn èèyàn sábà máa ń lọ. Ọ̀pọ̀ wọn ń tà á ní ìwọ̀n mítà, torí náà ẹ to àwòrán kékeré sáàárín ńlá kí àyè má ṣòfò. Òun náà lábùkù o: ó máa ń nípọn díẹ̀ láyà, èyí tí wọn kò bá sì yọ́ ìyẹ̀fun rẹ̀ dáadáa á bó bíi tiyín gẹ́lẹ́. Ẹ kọ́kọ́ ní kí wọ́n ṣe ẹyọ kan, kí ẹ fọ̀ ọ́ nílé lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ tó sanwó fún 29 tó kù. Ẹ̀yin lẹ máa yan aṣọ, ẹ̀yin lẹ máa wọn ara àwọn akọrin, ẹ lè fi èrè yín lé e láìfi ìtìjú ṣe é.

Bébà tó kù lọ́wọ́ yín, ẹ dì í sínú ọ̀rá kí ọ̀rinrin má wọ̀ ọ́, kí ẹ fi ṣe pólò ọjọ́ ìbí náà tuntun. Èyí tí etí rẹ̀ ti ń bó, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa, ẹ fi bébà oníkéèkì bò ó, kí ẹ tẹ etí náà mọ́lẹ̀ pẹ̀lú áyọ́ọ̀nù gbígbóná fún bí ìṣẹ́jú àáyá 30, kí ẹ jẹ́ kó tutù kí ẹ tó ṣí bébà kúrò. Etí náà sábà máa ń padà lẹ̀ tí kò bá tíì ká. Àwọ̀ tó ti ṣàn kò ní padà, ẹ fi pólò yẹn sílẹ̀ fún ọmọ láti máa fi sùn.